Alága Tó Ka Ìwé Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ipò, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí má baà ta sí yín láṣọ. Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ bíbí Tápà tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà, tó sì dá a lójú pé Ìbàdàn ni Ọlọ́run dá òun fún. Obadiah Bámiṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ náà sì tó èèyàn í jẹ́. Kò tó òun. Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni: Olóyè Alàgbà Ọ̀mọ̀wé Obadiah Bámiṣẹ́, Alága Àjọ Ìwé Ìbàràpá, Baba Ìmọ̀, Òpó Ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn náà kò gba gbogbo rẹ̀, ni wọ́n bá kọ Òpó Ẹ̀kọ́ sára ògiri.

Ẹ má bi mí níbi tó ti rí Ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì kan ní òkè òkun ló fi ránṣẹ́ sí i, inú àpò ìwé kan náà ni wọ́n sì fi rìsíìtì sí.

Ní aago mẹ́sàn-án àràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ náà a tò sábẹ́ igi máńgòrò. Búrẹ́mọ̀, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin onírun funfun tó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí tábìlì kan náà, ni yóò máa ka oyè Alága ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á sì máa dáhùn pé, "Ó tọ́ sí yín!" Bó bá fo ẹyọ kan, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ni. Lọ́jọ́ kan tí ikọ́ gbé Búrẹ́mọ̀ níbi Baba Ìmọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún un kà, aago mẹ́wàá sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún náà kò kúkú tó nǹkan.

Inú ọ́fíìsì Alága ni àwọn ìwé Àjọ wà, láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn wá láti ilé ìtẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá náà. "Ìwé tí a bá ti ṣí ti di àlòkù," Bámiṣẹ́ a máa wí bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá wá láti Ayété tàbí Ìdèrè láti yá ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n á gbé ìwé náà fún un lẹ́nu ọ̀nà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kó sì dá a padà. Inú ṣì ń bí mi dòní tí mo bá rántí rẹ̀.

Ṣé òun fúnra rẹ̀ ń kà wọ́n? Ẹ dákẹ́ ẹ jàre. "Ẹni tí wọ́n ń dán wò ló ń kàwé," ló máa ń sọ. "Èmi, èmi ni mò ń dán èèyàn wò."

Báyìí ni ayé Alága ṣe rí nígbà tí lẹ́tà kan dé láti Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ ń wá àwọn ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí wọ́n kọ láàárín ogún ọdún sẹ́yìn, tó yẹ ká máa pè ní ìwé mánigbàgbé, irú èyí tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò ṣì máa kà. Kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, kí alága ibẹ̀ sì dìde níwájú gbogbo ayé, kó sọ ìdí tó fi mú un. Alága tó bá sọ ọ́ dáadáa jù ni wọn yóò fi ṣe Alága Àgbà fún gbogbo ìpínlẹ̀, ọdún márùn-ún gbáko, ì báà ti fẹ̀yìn tì, ì báà má tíì fẹ̀yìn tì.

Bámiṣẹ́ ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́tà kì í ṣe ìwé. Lẹ́tà, ó máa ń kà á. Oṣù méje péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó ń dúró dè é bí kò ṣe Tápà, àti oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti fi igi sàmì sí ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n di ọkọ́ mú." Ìbàdàn tàbí ọkọ́, kò sí ẹ̀kẹta, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó pe ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ. Ìwé mọ́kànlá ni àwọn òǹkọ̀wé ti fi ránṣẹ́, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì nínú ọ̀rá.

"Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ mi ọ̀wọ́n," ni Alága fọhùn, bí ẹni tó dúró ní Igbó-Ọrà tó ń bá òkè Èrúwà sọ̀rọ̀. "Lónìí, ojú ìtàn ń wò wá! Etí ayérayé ń gbọ́ wa! Imú ọjọ́ iwájú ń gbóòórùn wa! Mo bi yín, kí ni mánigbàgbé?"

Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló ń bi.

"Mánigbàgbé," ló wí, "ni ohun tí kò ṣeé gbàgbé."

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Alàgbà Fọlábí pariwo. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nínú ìgbìmọ̀ náà, kò sì tíì sọ gbólóhùn mìíràn níbẹ̀ rí.

Afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn sì ń gbá gbàù-gbàù. Ọgbọ́n sọ sí Alága nínú. Ó ní kí wọ́n máa fi ìwé kọ̀ọ̀kan dá ilẹ̀kùn náà dúró. "Ìwé tí kò lè dá ilẹ̀kùn dúró, ṣé ìran ló fẹ́ mú dúró?" Mẹ́fà kùnà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yọ méjì nítorí pé àwọn tó kọ wọ́n kò wá kí Alága lọ́dún tuntun. Wọ́n yọ ọ̀kan nítorí pé Búrẹ́mọ̀ ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì hàn gbangba pé alága kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ olè. Ó wá ku méjì, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Bámiṣẹ́ ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sáàárín wọn. Pupa ni fìlà náà.

"Tí wọ́n bá ya fọ́tò," ló bi wọ́n, "èwo ló máa bá mi mu?"

Bí *Ilẹ̀kùn Àṣàkẹ́*, tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abísọ́lá kọ, ṣe di ìwé mánigbàgbé Ìbàràpá nìyẹn. "Ọgbọ́n ńlá!" ni Alàgbà Fọlábí wí. Kí n má purọ́ fún yín, ìwé gidi ni. Ẹni tó dijú ju òkò náà lè ṣèèṣì ba ẹyẹ.

Ó wá ku kí Alága mọ ohun tó wà nínú ìwé tó yàn. Ó pe akọ̀wé rẹ̀.

"Búrẹ́mọ̀, lọ wá ìtàn inú ìwé yìí wá fún mi. Òpin rẹ̀ gan-an ni kó o mú dáadáa. Òpin ni àwọn ará Ìbàdàn máa ń fẹ́ràn."

"Ó dáa, Baba Ìmọ̀. Ṣé kí n ya ọ̀rá ẹ̀, kí n kà á?"

"Orí ẹ dàrú ni? Tí àwọn àlejò bá dé, tí wọ́n bá ìwé mánigbàgbé nínú ọ̀rá yíya ńkọ́?"

Búrẹ́mọ̀ họ orí. "Kò burú, sà. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n."

Bámiṣẹ́ kò tiẹ̀ bi í pé báwo ni ìyàwó akọ̀wé ṣe mọ ìwé tó wà nínú ọ̀rá. Ká ní ó bi í ni, n kì bá tí rí ìtàn sọ fún yín lónìí.

Ìyàwó Búrẹ́mọ̀ ni Àìṣát, Ìyá Wàhábì, olórí ẹbu gàrí tó wà lẹ́yìn ọjà. Bí ogún obìnrin ló máa ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká níbẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n ń bẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Àárín wọn ni Keturah máa ń jókòó sí, Màmá Ọmọ́ṣọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí làkúrègbé kò jẹ́ kó lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Ó ti bá wọn ṣàdéhùn láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn pé kí wọ́n máa bá òun bẹ ẹ̀gẹ́ òun, kí òun náà máa ka ìwé ìtàn fún wọn. Yàtọ̀ sí òun, ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ wá gbọ́dọ̀ jókòó bẹ ẹ́, ì báà ṣe ọba. Wọ́n tún ní òfin kejì, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Bí orí kan bá parí nínú ìwé tí wọ́n ń kà, tí kò sẹ́ni tó béèrè pé "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?", wọ́n á fi ìwé náà koná lábẹ́ agbada gàrí.

Ìwé púpọ̀ ti bá iná lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ka *Ilẹ̀kùn Àṣàkẹ́*, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìtàn Àṣàkẹ́ ni, tí ọkọ rẹ̀, Àkànó, ní òun ń lọ sí Líbíyà fún ọdún kan, tó sì lo méjìlá. Irọ́ ló ń pa lórí fóònù ní gbogbo ọdún yẹn: òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ti di ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan, ó dé lóòótọ́, ó kan ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ gan-an ni Màmá Ọmọ́ṣọlá ti gbé ìwé sílẹ̀ pé kí òun mu omi. Ewúrẹ́ kan tó wá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ na ọrùn, ó fa gbogbo ojú ewé tó kù ya, mọ́kàndínlógún, ó sì jẹ wọ́n mì kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ogún obìnrin pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí ọkọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ewúrẹ́ sì ti gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ mì. Màmá Ọmọ́ṣọlá sáré lọ sí Àjọ Ìwé, níbi tí ẹ̀dà kan wà lórí àtẹ. Wọ́n gbé e fún un, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó sì dá a padà.

Kí ni wọn ì bá ṣe? Wọ́n parí ìwé náà fúnra wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn, wọ́n sì fi ọ̀bẹ nínà sókè dìbò. Wọ́n ní Àṣàkẹ́ kò ṣílẹ̀kùn. Ó ti àpótí ìjókòó kan àti ọ̀bẹ gba ojú fèrèsé, ó ní, "Ọjọ́ tó o bá sọ òótọ́ ẹyọ kan ni mo máa ṣílẹ̀kùn." Ọdún mẹ́ta ni Àkànó fi bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pa irọ́ kan lé òmíràn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó sọ pé, "N kò di nǹkan kan níbẹ̀." Ilẹ̀kùn sì ṣí. Màmá Ọmọ́ṣọlá kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé, ó fi òwú àpò gàrí rán an mọ́ ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n tún ka ìwé náà lẹ́yìn ìyẹn, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ló kọ apá ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni Àìṣát rò fún ọkọ rẹ̀, Búrẹ́mọ̀ náà sì rò ó fún Alága bó ṣe gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn máa wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Igbó-Ọrà kù sí dẹ̀dẹ̀, Bámiṣẹ́ gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òun pè láti Èrúwà wà nínú ìdánwò, gbọ̀ngàn yóò sì ṣófo. Ó pàṣẹ pé kí ẹbu gàrí má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ wá jókòó, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú ńkọ́?" ni Àìṣát bi ọkọ rẹ̀. "Ṣé kó dúdú sílẹ̀ ni?"

"Alága ló pàṣẹ."

"Kò burú, a ó wá. Àmọ́ èyí tó bá bàjẹ́, òun ló máa bẹ òmíràn dípò ẹ̀."

Gbọ̀ngàn kún. Arábìnrin Purity, olórí ìgbìmọ̀ tó ti Ìbàdàn wá, jókòó níwájú, Abísọ́lá tó kọ ìwé sì jókòó tì í, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó wọ jígí. Bámiṣẹ́ gbé ìwé náà dání nínú ọ̀rá, ó dọ́gba pẹ̀lú fìlà. Ó ti ki àlùbọ́sà sínú áńkáṣíìfù kan, nítorí ibi tí òun fẹ́ ti sunkún.

"Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin ọmọdé! Àti ẹ̀yin tí ẹ kò sí nínú méjèèjì! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka ìwé yìí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo jókòó kà á. Ìgbà kejì, mo dìde dúró, nítorí ọ̀wọ̀. Ìgbà kẹta, mo gbààwẹ̀!"

"Ó tọ́ sí yín!" ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáhùn.

"Nígbà tí mo wá dé òpin, níbi tí Àkànó ti kanlẹ̀kùn, tí Àṣàkẹ́ ti àpótí àti ọ̀bẹ gba ojú fèrèsé..." Ó nu àlùbọ́sà sójú, omi sì bọ́ wìì. "Ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi ń bẹ ẹ̀gẹ́, kìkì nítorí pé òótọ́ ẹyọ kan péré wọ́n ọn lẹ́nu!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni àwọn obìnrin ẹbu hó yèè. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fọwọ́ gbá ara wọn lẹ́yìn. Bámiṣẹ́ kò tíì gbọ́ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé, orí rẹ̀ wú, ó sì ti ń rí ọkọ̀ àti dẹrẹ́bà tí wọn yóò fún un ní Ìbàdàn.

Abísọ́lá dìde. "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kọ ìyẹn."

"O kọ ọ́."

"Mi ò kọ ọ́, sà. Nínú ìwé tèmi, Àkànó ò bẹ ẹ̀gẹ́ kankan."

Ẹ wò ó, ó ṣì lè bọ́. Ká ní ó rẹ́rìn-ín, kó ní ọjọ́ ogbó ti ń mú ọ̀rọ̀ dàpọ̀ mọ́ òun lórí, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ń kà lóyè láràárọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ta ló fẹ́ kọ́ ọ pé èèyàn lè ṣàṣìṣe?

"Ọmọ mi," ló wí, "òǹkọ̀wé kì í sábà mọ ohun tó kọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi yan alága. Jókòó."

Arábìnrin Purity na ọwọ́. "Olóyè, ẹ jẹ́ n rí ìwé yẹn. Ṣé ẹ̀dà tí ẹ kà nìyí?"

"Òun náà ni."

"Ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀."

"Mo... mo wé e padà ni."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Àìṣát dìde láti ẹ̀yìn, ó tú kókó ìró rẹ̀, ó sì yọ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. "Ẹ gbà, mà. Ó mú."

Arábìnrin Purity la ọ̀rá náà, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó sì kà á sókè: "Àṣàkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo Àkànó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì ń lọ, kò pa ilẹ̀kùn dé, kò wẹ̀yìn." Àwọn obìnrin ẹbu kò mira. Ó ti tó ọdún méjì tí ewúrẹ́ ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Omi lé ròrò sójú Àìṣát, kò sì sí àlùbọ́sà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Màmá Ọmọ́ṣọlá ló dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, mà. Àwa la kọ ti ẹ̀gẹ́ bíbẹ yẹn. Ewúrẹ́ ló jẹ òpin ìwé wa."

"Ewúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojú ewé mọ́kàndínlógún."

Arábìnrin Purity wo ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó wo Bámiṣẹ́. "Á jẹ́ pé ewúrẹ́ yẹn ti ka ìwé yìí ju Alága lọ."

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Alàgbà Fọlábí pariwo. Ó ti mọ́ ọn lára, ẹnu rẹ̀ ti yá jù ú lọ.

N kò lè ròyìn ẹ̀rín ọjọ́ náà tán. Àwọn kan bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Bámiṣẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù lọ́wọ́, omi àlùbọ́sà ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ẹkún tòótọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án lù, kò sẹ́nikẹ́ni lábẹ́ igi máńgòrò bí kò ṣe Búrẹ́mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí, ó sì wọlé lọ ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn: kí Alága máa lọ sinmi nílé títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò fi pé, kó sì kó kọ́kọ́rọ́ ìwé fún Màmá Ọmọ́ṣọlá. Wọ́n gba *Ilẹ̀kùn Àṣàkẹ́* wọlé gẹ́gẹ́ bí ìwé mánigbàgbé. Arábìnrin Purity ní ìwé tí ogún obìnrin fi ọjọ́ mẹ́ta jà lé òpin rẹ̀ lórí kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Màmá Ọmọ́ṣọlá ya ọ̀rá kúrò lára gbogbo ìwé Àjọ, àwọn olùkọ́ Ayété àti Ìdèrè sì kó wọn lọ lórí ọ̀kadà. Abísọ́lá wá sí ẹbu, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí wọ́n ka òpin tiwọn fún òun. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó ní tiwọn le ju tòun lọ, ó sì fi ẹ̀dà tuntun méjì sílẹ̀. Wọ́n kun ilẹ̀kùn Alága lọ́dà. Òpó Ẹ̀kọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù sára ògiri, torí pé ọ̀dà kò tó o.

Bámiṣẹ́ lọ sí Tápà. Ọkọ́ ń dúró dè é níbẹ̀.

Ọdún kan kọjá kí ẹ̀gẹ́ inú ìpín rẹ̀ tó tó í wú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Tápà ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ó di dandan kó gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá sí Igbó-Ọrà. Ó ti lọ yí ọjà po lẹ́ẹ̀mejì kó tó ya sí ẹbu. Fìlà pupa kọ́ ló dé, ti òjò ló dé. Àwọn obìnrin wò ó, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Olóyè," ni Àìṣát wí. Ó ti àpótí ìjókòó kan sí i, ó fi ọ̀bẹ lé e lórí. "Ẹ mọ òfin wa."

Ó jókòó, ó ń bẹ ẹ́. Ó ń bẹ ìdajì ẹ̀gẹ́ dànù mọ́ èèpo. Màmá Ọmọ́ṣọlá ń ka ìwé lọ ní tirẹ̀, láti inú ẹ̀dà tuntun, ibi tí Àṣàkẹ́ ti gbọ́ tí ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé, tí ẹsẹ̀ kan sì ń bọ̀ lórí òkúta. Ibẹ̀ ni orí náà parí sí. Ó pa ìwé dé, ó ń na ọwọ́ tó ń ro ó. Àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n lórí ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?"

Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Bámiṣẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó jọ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu òun.

"Háà, Olóyè," ni Àìṣát wí, "ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti kà á."

Bámiṣẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ọkọ́ ti sọ di páànù, tí ọ̀bẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ní ibi méjì.

"Mi ò kà á rí," ló wí. "Mi ò ka ìwé kankan rí láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àìṣát wo Màmá Ọmọ́ṣọlá, Màmá Ọmọ́ṣọlá náà wò ó.

"Ẹ ṣí i padà sí ojú ewé kìn-ín-ní," ni Àìṣát wí. Àwọn obìnrin sún àpótí wọn, wọ́n fi àyè sílẹ̀, Bámiṣẹ́ sì fa tirẹ̀ sún mọ́ wọn.